Ohun Ọ̀fẹ́ ní Ṣọ́ọ̀bù Màmá Táípíìsì

Bí ẹnikẹ́ni bá fún Fúnlọ́lá Ọ̀ṣuntókun ní ọsàn kan lọ́fẹ̀ẹ́, yóò kọ́kọ́ yí i wò níwá-lẹ́yìn, yóò gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè pé, “Kí ló ṣe é tí ìwọ fúnra rẹ kò fi mu ún?” Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe dàgbà. Àwọn ará Ìlora ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kì í bínú. Màmá Táípíìsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì káńsù ní Jobele. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan àti ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé jáde, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àdéhùn ilẹ̀, kò sí èyí tí kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ gan-an, tó tún ń mú un gbórí sókè láàrin ìlú, ni ìbéèrè ìdánwò. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ń gbé ìbéèrè wá fún un ní táàmù kọ̀ọ̀kan, méjì ní Ìlora, ọ̀kan ní Akinmorin. Àwọn tíṣà á fi ọwọ́ kọ ọ́ wá, òun á tẹ̀ ẹ́, á dì í, á lẹ ẹnu àpò rẹ̀ pa. Ohun tó bá rí nínú rẹ̀, kò ní í sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ká ní ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Bí ìwé ìdánwò bá bàjẹ́ nídìí ẹ̀rọ, kì í rán ọmọ, kì í rán ẹrú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sẹ́yìn ilé, yóò tiná bọ̀ ọ́ nínú agolo, yóò sì dúró tì í títí yóò fi di eérú. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ìbéèrè kan ṣoṣo kò jáde síta rí. Ìfura loògùn àgbà, ó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí orúkọ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ òun, oúnjẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò táàmù kẹta bẹ̀rẹ̀. Màmá Táípíìsì tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ojú ẹ̀rọ pọ́n wá, ó ní ètò ìtẹ̀wé tó wà nínú òun kì í ṣe ojúlówó, kí ó lọ sanwó kó tó lè tẹ ohunkóhun. Kò pẹ́ tí gbogbo nǹkan fi dákẹ́ rọ́rọ́, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ ètò inú ẹ̀rọ ti wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá a fi ètò náà sí i ni ọkùnrin kan ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Ọdọọdún ni Ẹnjiníà ń wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, tí á ní òun fẹ́ tún un ṣí. Ẹrù olè ni ọkùnrin yìí ń tà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń gbowó, tó sì máa ń fajú ro bó bá ń gbà á, Màmá Táípíìsì gbà pé ọjà gidi ni. Obìnrin tó ń fura sí ọsàn kò fura sí Ẹnjiníà rárá. Ó pè é títí lọ́jọ́ náà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ojúlówó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó gbọ́ iye náà, tó tún gbọ́ pé ọdọọdún ni yóò máa san án, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó káwọ́ lérí.

Orí bẹ́ńṣì yẹn ni Roqeebah ti bá a. Fìdítì ni Roqeebah ń gbé. Àràárọ̀ ló ń gun ọ̀kadà wá sí Ìlora, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fátọ́kẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, owó oṣù rẹ̀ ni àbúrò mẹ́ta fi ń jẹun. Ìbéèrè ìdánwò ló gbé wá lọ́jọ́ náà. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó mi orí.

“Mọ́mì, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Ọ̀fẹ́ wà. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ, la máa fi sí i dípò èyí tó bàjẹ́ yìí, kòkòrò kì í sábà wọ̀ ọ́. LibreOffice lẹ máa wá fi tẹ̀wé. Ẹ̀rọ yín ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n á gbé e. Ìwé tí ẹ ti tẹ̀ látijọ́ náà á ṣí níbẹ̀.”

“Ta ló ni ín?”

“Kò sẹ́ni tó dá a ni, Mọ́mì. Àwọn tó mọṣẹ́ ọ̀hún káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó bá wù kó máa lò ó.”

“Kí ni wọ́n wá ń jẹ?”

“Púpọ̀ nínú wọn níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, mà.”

“Ó dáa.” Màmá Táípíìsì ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. “Ìyẹn ni pé wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò ní í sinmi, wọ́n á wá jókòó máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Fúnlọ́lá ní Ìlora, tí wọn ò rí rí, tí wọn ò sì ní í rí títí wọ́n á fi kú?”

Roqeebah bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ mọ ọ̀wẹ̀, Mọ́mì? Bí ọ̀wẹ̀ ló rí.”

“Má fi ọ̀wẹ̀ tàn mí o. Oko ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣe é. Oúnjẹ wo ni mo sè fún àwọn èèyàn yẹn? Bí wọn ò bá jẹ oúnjẹ mi, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n fẹ́ jẹ.”

Roqeebah gbé ìbéèrè tó mú wá kalẹ̀, ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ, ìbéèrè ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀, Ẹnjiníà kò gbé fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Màmá Táípíìsì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Roqeebah.

Ọ̀sán gbogbo ni Roqeebah fi ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ parí. Màmá Táípíìsì gbé àpótí ìjókòó sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò dìde. Gbogbo ohun tí ọmọbìnrin náà tẹ̀ ni ó ń kọ sínú ìwé. Bó bá ní kí wọ́n dúró díẹ̀, á ní, “Kí la ń dúró dè?” Bí iná pupa ara ẹ̀rọ bá ṣẹ́jú, á ní, “Ta ló ń pè?” Nígbà tí wọ́n parí, ó bèèrè iye owó rẹ̀, Roqeebah ní kò gba nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní ó gba owó díẹ̀ ni, bóyá ọkàn obìnrin yìí ì bá balẹ̀. Ó ní kí Roqeebah jọ̀ọ́ kó tú báàgì rẹ̀ kó tó máa lọ. Ọmọ náà wò ó lójú, ó tú báàgì: Kùránì kékeré kan, ìgò omi, ṣọ́ọ̀kì mélòó kan. Ó kó wọn padà, ó dágbére, ó lọ.

Ẹ wo bí Màmá Táípíìsì ṣe ṣọ́ ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn náà. Ó fi pílásítà lẹ ojú kámẹ́rà rẹ̀ pa. Ó yọ nǹkan pélébé tó fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tì í mọ́nú àpótí aṣọ, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí. Kò jẹ́ kí fóònù kankan wà nítòsí tó bá ń tẹ ìdánwò. Ó tilẹ̀ ka Sáàmù sí i létí, bí ẹ̀rọ bá létí. Ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ kò yẹ̀ lójú iṣẹ́. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í dá kú, kì í pariwo owó. Èyí tún dá ìfura mìíràn sílẹ̀. Ó ní ìwà olè nìyẹn, olè tó bá kọ́kọ́ dé á máa bá wọn gbálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni ó tẹ ìbéèrè Èdè Yorùbá ti JSS 2 fún ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fátọ́kẹ́. Irú lẹ́tà tó fi ń tẹ ìwé látijọ́ kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́, èyí tó sì wà níbẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ sún sísàlẹ̀, ìlà tó gbẹ̀yìn ojú ewé kejì sì gé. Ọjọ́ mìíràn, ẹ̀dà kan péré ni Màmá Táípíìsì ń kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, á kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, iná ara ẹ̀rọ ló ń wò, ó ń ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú. Ogójì ẹ̀dà ti jáde kó tó rí i pé ó ti bàjẹ́. Ó pòṣé. “Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan kan á ṣe!” Ó kó ogójì náà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ tìbínú-tìbínú, kò wo ibi tó jù ú sí, ó yí ojú padà sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà.

Ibẹ̀ ni Fàsílátù, Ìyá Anwar, ti wọlé. Òdìkejì títì ló ti ń din dùndú àti àkàrà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Màmá Táípíìsì ti ń fún un ní ìwé tó bàjẹ́ tó bá wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ti ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó, kó máa fi wé dùndú fún oníbàárà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ti tán lọ́wọ́ mi.”

“Kó o nínú apẹ̀rẹ̀. Má bá mi sọ̀rọ̀, mò ń ṣọ́ olè.”

Ìyá Anwar wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Olè dà?”

“Inú ẹ̀rọ yìí ló wà.”

Ìyá Anwar bẹ ojú wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ lóòótọ́, kò rí ẹnì kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn apẹ̀rẹ̀ sínú aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sọdá títì padà.

Ìdánwò Yorùbá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò tíì tó aago mọ́kànlá tí mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Fátọ́kẹ́ fi dúró gbàgà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà kò kí i kó tó sọ̀rọ̀.

“Màmá, ìbéèrè ti jáde síta. Àwọn ọmọ JSS 2 mọ ọ́n látòkè délẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ń kọ ìdáhùn kí tíṣà tó pín ìwé tán.”

Ọdún mẹ́sàn-án! Ẹnu Màmá Táípíìsì ti ṣí kí ó tó ronú.

“Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ yẹn ni! Mo sọ ọ́! Roqeebah ló gbé e wọlé wá bá mi. Ó ní òun ò gba kọ́bọ̀. Ọ̀gá, ta ní ń ṣe irú ìyẹn? Òun àti àwọn tó rán an ló ti jí ìbéèrè kó!”

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fátọ́kẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ìbínú ló mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n pe Roqeebah wá. Roqeebah dúró sáàrin ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó gbọ́ ohun tí wọ́n fi kàn án.

“Mọ́mì, ẹ̀rọ yìí ò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdí yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ibo ni ìbéèrè á gbà jáde?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lẹ mọ ibi tó ń gbà,” ni Màmá Táípíìsì wí.

Ọ̀gbẹ́ni Fátọ́kẹ́ ní kí Roqeebah máa lọ sílé. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú, kó má padà wá mọ́. Ọmọ náà kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó kàn yíjú sí obìnrin náà. “Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí, Mọ́mì. Ẹ ò kúrò lẹ́yìn mi títí mo fi ṣe é tán.” Ó jáde lọ dúró sínú oòrùn, ó ń retí ọ̀kadà.

Ká má parọ́, inú Màmá Táípíìsì dùn díẹ̀. Ó dùn mọ́ èèyàn kí ìfura òun já sí òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó sí oúnjẹ alẹ́, kò lè jẹ ẹ́. Gbólóhùn yẹn ń dún létí rẹ̀: ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí.

Ebi ló jí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sọdá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Anwar, ó ra dùndú, ó sanwó pé, torí òun kì í gba ẹ̀ẹ̀ní lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e dé orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ó tú u. Òróró ti rin ìwé náà, ó ti jẹ́ kí lẹ́tà inú rẹ̀ hàn kedere. Ó fi ìka ti dùndú sápá kan, ó kà á.

*9. Kí ni ọ̀wẹ̀? Ṣàlàyé bí ó ṣe yàtọ̀ sí àáró.*

Abẹ́ rẹ̀ ni ìlà tó gé wà.

Ó dìde, ó tún jókòó. Ogójì ẹ̀dà! Kò sun ún! Òun fúnra rẹ̀ ló jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, òun náà ló ní kí wọ́n kó o! Ó gbá ìwé náà mú, ó sáré sọdá títì, mọ́tò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a.

“Ìyá Anwar, ta lo ń fi irú ìwé yìí wé dùndú fún?”

“Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kúkú ni, Màmá. Háà, ẹ ò mọ bí ọjà ṣe tà! Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń tò. Wọ́n á ní, ‘Ìyá Anwar, irú ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ fi bá wa wé e.’ Mo ṣe bí dùndú mi ló ń dùn mọ́ wọn.”

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Màmá Táípíìsì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Iná ń jó làù lábẹ́ agbada níwájú rẹ̀. Ìyá Anwar kò mọ̀wé, kò mọ ohun tó ń tà fáwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ò ní í jẹ́wọ́ láéláé. Bó bá ju bébà yìí sínú iná báyìí, ó ti parí, orúkọ ọdún mẹ́sàn-án wà níbi tó wà, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta á ṣì máa gbé ìbéèrè wá, ọmọ ará Fìdítì kan á sì gba ẹ̀bi lọ. Ẹ̀rù bà á nígbà tó rí i bí ọwọ́ òun ṣe ti sún mọ́ iná tó. Ó fà á padà, ó ká ìwé náà wẹ́rẹ́, ó kì í bọ àyà, òróró rẹ̀ sì rin búláòsì rẹ̀.

“Ṣé kò sí o, Màmá?” ni Ìyá Anwar bèèrè.

“Má fi ìwé mi wé nǹkan mọ́, Fàsílátù. Jọ̀ọ́. Sun èyí tó kù.”

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fátọ́kẹ́ wà nínú ọ́fíìsì. Màmá Táípíìsì kò jókòó. Ó tẹ́ ìwé olóròóró náà sórí tábìlì, ó ní, “Ọ̀gá, olè yẹn rèé. Èmi ni.” Ó ro gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀, ogójì ẹ̀dà, dùndú. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọkùnrin náà ka ìbéèrè kẹsàn-án, ó pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀.

“Màmá, ẹ mọ̀ pé n ò lè gbé ìdánwò fún yín mọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kù náà á gbọ́.”

“Wọ́n á gbọ́. Ẹ sáà pe ọmọ náà padà. Ẹ pè é lójú mi.”

Ó pè é. Fóònù dún títí, Roqeebah kò gbé e. Màmá Táípíìsì ní kò burú, òun á lọ. Ó jáde síta, ó dá ọ̀kadà dúró, ó ní Fìdítì ni. Ó ti pẹ́ tó ti gun ọ̀kadà kẹ́yìn. Ó di ẹ̀wù ọlọ́kadà mú gbágbá títí wọ́n fi dé.

Ó bá Roqeebah nínú àgbàlá, ó ń bó ọsàn fún àwọn àbúrò rẹ̀. Màmá Táípíìsì fẹ́ kúnlẹ̀, ọmọ náà tètè di apá rẹ̀ mú, ó ní, “Àgbẹdọ̀, Mọ́mì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó fi í jókòó sórí àga kan. Ni ìyá àgbà náà bá sọ ọ́ níbẹ̀, lójú àwọn ọmọdé, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹnu mi ló bà ọ́ jẹ́, Roqeebah. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ọ̀gá ń dúró dè ọ́ lọ́la. Foríjì mí.”

Roqeebah mú ọsàn mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

“Mo ti gbọ́, Mọ́mì,” ó ní níkẹyìn. “Màá lọ. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi o. Ẹ tú báàgì mi.”

“Kó máa bí ọ, ọmọ mi. Ẹjọ́ mi ni.”

Ọmọbìnrin náà bó ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gé orí rẹ̀, ó nawọ́ rẹ̀ sí i. Kò sọ pé kó gbà á, kò sì rẹ́rìn-ín. Màmá Táípíìsì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò yí i wò, kò gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu. Ọsàn náà kan gógó, ó ń ta á ní ahọ́n. Ó mu ún tán.